Ilé ìsinmi ní abúlé apẹja ní Scotland: kí ló yẹ ká béèrè ká tó sanwó?

Ìyá Ìbejì, Birmingham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Èmi, bàbá àwọn ìbejì, àwọn ọmọ méjèèjì àti màmá wa tó ti Ìbàdàn wá fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní East Neuk, àgbègbè etíkun kan ní Fife, ní Scotland, lóṣù kẹjọ. Òtẹ́ẹ̀lì ò lè bá wa lára mu, torí màmá ò ní í gbà kí ọjọ́ méjì kọjá láìfojú kan àmàlà. Ilé tá a ti máa dáná fúnra wa là ń wá. A ti rí ọ̀kan ní Pittenweem, abúlé apẹja kan níbẹ̀, nítòsí èbúté gan-an. Kí ni kí n béèrè kí n tó sanwó?

Bàbá Fẹ́mi, Dundee:
Ẹ kú ètò o. Ibi tó dáa lẹ mú. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà láísẹ́ǹsì. Ní báyìí, onílé tó bá ń gba àlejò fún ọjọ́ díẹ̀ ní Scotland gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì káńsù, nọ́ńbà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìpolówó ilé náà. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ béèrè. Tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ wá ilé míì. Láísẹ́ǹsì yẹn náà ló sọ iye èèyàn tó lè sùn níbẹ̀, nítorí náà kí àwọn ẹbí má kàn wá tẹ́ní sí pálọ̀ o.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti àtẹ̀gùn. Ilé àwọn apẹja àtijọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Òmíì wà tí àtẹ̀gùn òkúta rẹ̀ wà níta, tí tinú ilé tún rí tóóró, tó ga fíofío. Fọ́tò kì í fi í hàn. Ẹ bi onílé bóyá yàrá kan wà nísàlẹ̀ tí màmá lè sùn, kẹ́ ẹ sì rí i pé ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nísàlẹ̀ yẹn kan náà. Tí kò bá sí, ẹ má sanwó.

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ni Pittenweem Arts Festival, ilé á wọ́n, ibi ìgbọ́kọ̀sí á ṣòro. Tẹ́ ẹ bá lè sún un sí ìdajì oṣù, ẹ sún un. Ilé-ìwé Scotland á ti wọlé nígbà yẹn, tiyín ní England á ṣì wà ní hólídè.

Ìyá Tólú, Aberdeen:
Ẹ bá mi kí màmá o. Ìkòkò ibẹ̀ kì í tóbi, ẹ gbé tiyín àti omorogùn dání. Èlùbọ́, gàrì, epo, ata lílọ̀ tó ti dì nínú kúlà, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó. Ṣọ́ọ̀bù Co-op wà ní Anstruther, ìlú tó wà nítòsí, fún mílíìkì àti búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ẹ ra iṣu yín kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú áláàmù iná. Láti 2022, òfin Scotland ní kí àwọn áláàmù inú ilé so pọ̀ mọ́ra: tí ọ̀kan bá ké, gbogbo wọn á ké. Ẹ se ata yín gbẹ dáadáa kó tó kan epo, ẹ ti ilẹ̀kùn kíṣìnnì, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má yọ áláàmù, ẹ má sì fi nǹkan bò ó láéláé.

Ẹja ni kẹ́ ẹ má gbé wá rárá! Ọkọ̀ apẹja ṣì ń wọ èbúté Pittenweem, edé ńláńlá tí wọ́n ń pè ní langoustine ni wọ́n sì ń kó jù. Ṣùgbọ́n Arbroath smokie ni màmá máa fẹ́ràn. Ẹja haddock ni. Wọ́n á so ìrù méjì-méjì pọ̀, wọ́n á gbé e kọ́ sórí ọ̀pá, wọ́n á fi igi líle yan án títí á fi jinná. Awọ rẹ̀ á pọ́n bíi bàbà, tẹ́ ẹ bá là á, inú rẹ̀ á ṣì ní omi, á máa ṣí ní abala-abala. Ìgbà tí ẹ̀fọ́ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni kẹ́ ẹ tó kó o sí i, ẹ má rò ó púpọ̀, kó má baà fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ yọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ má ṣì í mú fún finnan haddie o. Èéfín kan ìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò tíì jinná, ẹ gbọ́dọ̀ sè é.

Ìyá Ìbejì, Birmingham:
Olúwa á bù kún yín! Bàbá Ìbejì ń béèrè bóyá òun lè fi ìwọ̀ pẹja. Àbúrò mi náà fẹ́ wọ rélùwéè wá kí wa láti London.

Bàbá Fẹ́mi, Dundee:
Kò nílò láísẹ́ǹsì láti fi ìwọ̀ pẹja nínú òkun Scotland, àfi salmon àti sea trout tí òfin tiwọn yàtọ̀. Kó má ṣáà ta ẹja tó bá pa. Ìgbà ooru ni ẹja Títù máa ń sún mọ́ etíkun. Ẹ wo àkókò tí òkun ń kún lójoojúmọ́ kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí àwọn ọmọ rìn lórí àpáta. Chain Walk tó wà ní Elie, abúlé míì nítòsí, ìyẹn ọ̀nà orí àpáta tí wọ́n ti ń di ṣéènì mú, ẹ má mú wọn débẹ̀ rárá, omi lè ká èèyàn mọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 999, ẹ béèrè Coastguard, àwọn tó ń gba èèyàn là létíkun. Ẹ mú súwẹ́tà dání pẹ̀lú, torí kùrukùru òkun tí wọ́n ń pè ní haar lè dé nígbà tí oòrùn ń ràn.

Kí àbúrò yín sọ̀ ní Edinburgh, kó wọ rélùwéè tó ń lọ sí ìlú Leven ní Fife, tí wọ́n tún ṣí ní 2024. Láti Leven, bọ́ọ̀sì 95 máa gbé e gba etíkun dé Pittenweem. Kó wo àkókò bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn lálẹ́ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè.