Tí a bá yan ìyẹ̀fun igi ká tó pò ó mọ́ èédú ilẹ̀, ṣé náítírójìn inú rẹ̀ ń lọ?

Ọmọ Ganmo:
Ẹ ǹlẹ́ níbí o. Bíríkì alámọ̀ ni mò ń sun lójú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo. Èédú ilẹ̀ Okaba, ní Kogí, ni mo fi ń dáná, àmọ́ owó ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ pa mí. Mo wá ń gba ìyẹ̀fun igi, mo ń yan án nínú dúrọ́ọ̀mù tí mo dé lórí títí yóò fi pọ́n bíi kọfí, kí n tó pò ó mọ́ èédú. Èéfín funfun ti dínkù gan-an. Ṣùgbọ́n àbúrò mi tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin ní náítírójìn inú igi àti èédú ṣì ń di gáàsì tó ń ta ojú àti ọ̀fun, ojú kì í sì í rí i. Ṣé yíyan kò lé e jáde ni?

Bàbá Oníbọ́ílà, Òffà:
O kú iṣẹ́ o. Bọ́ílà tó ń jẹ háhá ìrèké ni mo tọ́jú ní Bacita nígbà èwe mi, nítorí náà iná kì í ṣe àjèjì sí mi.

Àbúrò rẹ kò parọ́. Láàárín 200 sí 300 dígírì, láìsí afẹ́fẹ́, omi ló kọ́kọ́ ń lọ, apá kan lára igi á tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú náítírójìn á jókòó síbẹ̀. Ká ní 100 kílò ìyẹ̀fun gbígbẹ ní 300 gíráàmù rẹ̀. Bó bá ku 70 kílò lẹ́yìn yíyan, tí gíráàmù kan kò sì lọ, 0.3% ti di nǹkan bíi 0.43%. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní o ti ba nǹkan jẹ́. Má dá a lóhùn. Ooru inú 70 kílò yẹn sábà máa ń tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ti tẹ́lẹ̀, náítírójìn inú èédú ilẹ̀ sì máa ń tó 1% sí 2%.

Afẹ́fẹ́ gan-an ni kí o mójú tó. Bí igi bá gbóná, náítírójìn rẹ̀ sábà máa ń jáde bí amóníà. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ níbẹ̀, á jó di gáàsì burúkú yẹn. Bí kò bá pọ̀, púpọ̀ á di náítírójìn lásán, irú èyí tí à ń mí sínú. Dín ojú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ iléru kù, kí o lu ihò sára ògiri lókè iná, kí ìyókù jó níbẹ̀. Má dí i pa o! Káábọ̀n mọnọ́ksáìdì, gáàsì apani tó ń jáde bí afẹ́fẹ́ kò bá tó iná, kò ní òórùn.

Alhaja Kápẹ́ńtà:
Bàbá, ẹ kú àlàyé. Ọmọ Ganmo, ṣé ní sọ́ọ̀mìlì lo ti ń gbà á, àbí ní ṣọ́ọ̀bù àwa kápẹ́ńtà? Tiwa ti dàrú mọ́ MDF, pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀; yúríà, tí náítírójìn kún inú rẹ̀, sì ni wọ́n fi ń ṣe gọ́ọ̀mù náà.

Ọmọ Ganmo:
Méjèèjì ni, mà. Màá fi ti ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Bàbá, ìgbẹ́ adìẹ ńkọ́? Ẹnìkan fẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Bàbá Oníbọ́ílà, Òffà:
Gbà á, kí o tà á fún àwọn alágbàdo. Náítírójìn tí wọ́n ń fowó wá kiri lo fẹ́ sọ síná yẹn.