Páńẹ́ẹ̀lì kó 9.8 wọlé, 7.4 ni ilé lò: níbo ni ìyókù gbà lọ?

Ìmọ́lẹ̀Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ìbàdàn ni ilé wà. Páńẹ́ẹ̀lì 450W mẹ́fà, inverter 5kVA, bátìrì lithium kan, 51.2V, 100Ah. Ohun tí áàpù kọ fún àná nìyí: páńẹ́ẹ̀lì 9.8kWh, ilé 7.4, ohun tó wọ bátìrì 4.6, ohun tó jáde nínú rẹ̀ 4.0. Iná NEPA ò wá rárá. Mo rò ó títí, kò bára mu.

Ìkejì: lálẹ́, áàpù á ní bátìrì ku 60%. Bí a bá ti tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, á já sí 35% lójú ẹsẹ̀. Bí a bá pa á, á tún gun 55%. Ṣé bátìrì ti bàjẹ́ ni?

WáyàPupa
Ẹ má kàn yọ 7.4 kúrò nínú 9.8, torí bátìrì ń gbà, ó sì ń dá padà. Ẹ kó ohun tó wọlé jọ: 9.8 àti 4.0, ó di 13.8. Ohun tó jáde: 7.4 àti 4.6, ó di 12.0. 1.8 ló sọnù.

Inverter fúnra rẹ̀ ló jẹ ẹ́. Irú 5kVA yìí sábà máa ń jẹ 50W sí 70W tọ̀sán tòru, bí ẹ ò tilẹ̀ tan gílóòbù kan. Tó bá jẹ́ 60W, ní wákàtí 24 ó ti di 1.44kWh. Bíi 0.36 tó kù ni ooru tí fáànù ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ jáde nígbà tó bá ń sọ iná bátìrì (DC) di iná tí ilé ń lò (AC).

Ti bátìrì ńkọ́? 0.6 tó wà láàárín 4.6 tó wọlé àti 4.0 tó jáde ò ṣègbé tán. Lithium ń dá bíi 95% padà, ìyẹn ni pé bíi 0.2 ló sọnù, ìyókù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ohun tó kù nínú bátìrì ní agogo 12 òru ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yẹn wé ti ìparí rẹ̀; ó yẹ kó ti fi bíi 7% lé sí i.

ÌyáAlágbára
Bátìrì yín ò bàjẹ́, inverter ló ń méfò. Fóltéèjì ló fi ń díwọ̀n, bẹ́ẹ̀ láti 90% dé 40%, fóltéèjì irú bátìrì yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan: bíi 53.2V sí 52.0V nígbà tó bá ń sinmi. Ẹ̀rọ omi á fà á wálẹ̀ ní fóltì kan péré, inverter á rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin iná ti lọ.

Ẹ wo ara bátìrì, ẹ máa rí ihò bíi ti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n kọ CAN tàbí RS485 sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fa wáyà lọ sí ihò BMS (ti ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso bátìrì) lára inverter, kí ẹ sì yí irú bátìrì kúrò ní USE (èyí tí ẹni tó ni ín ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò) sí Lithium. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì lásán kì í sábà ṣiṣẹ́, torí ètò okùn inú rẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ méjèèjì kí ẹ tó so ó.

Ìmọ́lẹ̀Bódìjà
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Kò sí ihò kankan lára tiwa. Nǹkan kan tún ń ṣẹlẹ̀: lẹ́yìn agogo kan ọ̀sán, páńẹ́ẹ̀lì á já láti 1,900W sí 500W, oòrùn sì ń ràn.

WáyàPupa
Ẹ ra shunt nígbà náà, ohun èlò tó ń ka iná tó ń wọ bátìrì àti èyí tó ń jáde. Ojú òdì (negative) bátìrì ni ẹ máa so ó mọ́, gbogbo wáyà òdì yòókù sì gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ẹyọ kan bá yà bá bátìrì tààrà, kò ní kà á. Ẹ kọ 100Ah sí i. Tó bá jẹ́ 56.8V ni inverter fi ń gbaná sí bátìrì, ẹ fi fóltéèjì ìkún rẹ̀ sí 56.4V, kí tail current (iná díẹ̀ tó ṣì ń wọ bátìrì nígbà tó bá kún tán) jẹ́ 4%. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún dé ojú ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kíkà rẹ̀ á máa ṣìnà díẹ̀díẹ̀.

Ti ọ̀sán yẹn, ó jọ pé bátìrì ti kún ni, inverter ò sì gbà ju ohun tí ilé ń lò lọ. Ẹ ki áyọ́ọ̀nù 1,000W bọ iná lásìkò náà. Tí 500W bá fò sí bíi 1,500W, kò sí wàhálà. Tí kò bá gbéra, ẹ gun òrùlé lọ wo eruku, òjìji táńkì omi, àti orí wáyà MC4 (èyí tó so páńẹ́ẹ̀lì pọ̀) tí kò wọlé tán.