"Ọmọ ibo ni yín?": Ìdí tí "ìpínlẹ̀ ìbí" kò fi bá a mu

Àbá kan wà nílẹ̀ pé kí á máa pe ìlà tí fọ́ọ̀mù ìjọba fi ń béèrè ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá ("State of Origin") ní "ìpínlẹ̀ ìbí". Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó dá a, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí ibi tí ìyá ẹni kúnlẹ̀ sí ni "ìpínlẹ̀ ìbí" yóò máa tọ́ka sí. Bí Yorùbá bá béèrè pé "Ọmọ ibo ni yín?", kì í ṣe ilé ìgbẹ̀bí ni wọ́n ń wá. Kódà, ẹni tí a pè ní "ọmọ bíbí Ìbàdàn" lè jẹ́ ẹni tí wọ́n bí sí Kàdúná. Àlejò tó ti lo ogójì ọdún ní Ìbàdàn kò ju "ará Ìbàdàn" lọ.

Nígbà tí mo lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ onílùú ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu akọ̀wé ni pé, "Ọmọ agboolé wo ni yín, mà?" Ó sì ní kí n lọ gba ìbuwọ́lù Mọ́gàjí, olórí agboolé wa, wá. Abala 318 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 pàápàá, òbí ẹni àti àwọn òbí tó bí wọn ló ń wò, kò dárúkọ ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí.

Àwọn mìíràn fẹ́ "orírun". Ó dùn létí, àmọ́ ó jìnnà jù: bí a bá ń tọ orírun lọ, Ifẹ̀ ni gbogbo wa yóò bá a dé. "Orílẹ̀" ìbá sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú oríkì. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, síbẹ̀ bí ìyá baba mi bá ń kì mí láàárọ̀, "Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ọmọ Ọlọ́fà" ló máa ń wí, nítorí Ọ̀fà ni àwọn baba ńlá wa ti gbéra wá. Bí mo bá kọ orílẹ̀ yẹn sí fọ́ọ̀mù, Kwárà ni yóò jẹ́, Mọ́gàjí tó buwọ́ lùwé mi yóò sì di òpùrọ́.

"Ìpínlẹ̀ ìdílé" ni mo fọwọ́ sí. Wọ́n lè ní yóò rú obìnrin tó ti wọlé ọkọ lójú. Ìjẹ̀bú-Òde ni ìdílé ọkọ mi wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí ní ìdílé mi, tí wọn kò fi ti ọkọ kún un, ilé baba mi ni mo máa ń dárúkọ.