Ọtí kì í pa àwọn ọkùnrin ilé wa: ẹ̀yin tí irú ẹ̀ wà nínú ìdílé yín, ẹ wá sọ tiyín

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Bàbá tó bí bàbá mi, bàbá mi fúnra ẹ̀, àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọtí kì í pa wọ́n. Bí gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jókòó bá ti ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n, àwọn á ṣì máa sọ̀rọ̀ geere, àwọn èèyàn á sì máa kan sáárá sí wọn pé ọkùnrin gidi ni wọ́n. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó pé ọgbọ̀n ọdún, ó ti di bárakú. Bó bá jí láàárọ̀ tí kò tíì fẹnu kàn án, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò lè de bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló ń bá a de é.

Nígbà tá a mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo rò pé iye tó ń mu lójúmọ́ ló máa bi í, àmọ́ ó ní "nígbà tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ife mélòó lo máa ń mu kó tó pa ẹ́?" Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò rántí pé ó pa òun rí. Dókítà ní ibi tọ́rọ̀ wà gan-an nìyẹn. Ó ní oníṣègùn kan l'Amẹ́ríkà, Marc Schuckit, tọ́pa àwọn ọmọkùnrin tí bàbá wọn jẹ́ ọ̀mùtí, ó sì gbé e jáde ní 1994 pé àwọn tí ọtí kì í tètè mú ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún ni ewu pọ̀ sí jù. Ara tó yẹ kó sọ fún wọn pé ó tó, kì í sọ ọ́, wọ́n á máa mu lọ ràì, ọpọlọ á wá bá a mọ́ra. Àṣé àmì ewu la ti ń yìn láti ayébáyé! Inú bí mi, mi ò ní parọ́.

Òdì kejì ẹ̀ náà wà o. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ṣáínà, Japan àti Kòríà, jíìnì ALDH2 wọn, ìyẹn àbùdá àjogúnbá tó ń bá ara palẹ̀ májèlé ọtí mọ́, ò ṣiṣẹ́ dáadáa, bí wọ́n bá mu díẹ̀ báyìí ojú á pọ́n, àyà á máa lù kìkì, èébì á máa gbé wọn, torí májèlé tí ọtí ń dà nínú ara ò tètè lọ, ìyẹn ni ò jẹ́ kí wọ́n sábà di ọ̀mùtí. Oògùn disulfiram tí wọ́n kọ fún ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ yẹn náà ló ń ṣe.

—

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Tèmi kì í ṣe ọtí. Ìbejì ni wá, a jọra bí ìmumu, ẹyin kan náà ló pín sí méjì. Ọdún tá a fẹ́ wọ yunifásítì ni èkejì mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́, ó ń fi páálí dí ojú fèrèsé, ó ní wọ́n ń ṣọ́ òun. Schizophrenia, irú àìsàn ọpọlọ kan, ni wọ́n pè é. Láti ìgbà yẹn, tí mo bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ mi, tí mo bojú wẹ̀yìn tí mi ò rí ẹnì kankan, àyà mi á já pà.

Dókítà ní nǹkan bí 1 nínú 100 èèyàn ló máa ń ní in, bó bá jẹ́ òbí ẹni tàbí ọmọ ìyá ẹni ló ní in ó lè tó 10 nínú 100, àwọn ìbejì bíi tiwa ni ó sún mọ́ ìdajì. Ìdajì yẹn ni mo dì mú, torí tó bá jẹ́ jíìnì nìkan ni, ṣebí èmi náà ì bá ti ní in. Mo ní kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún mi, ó ní kò sí tẹ́ẹ̀sì tó lè sọ ọ́, pé nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2022 ibi 287 ni wọ́n rí nínú àbùdá èèyàn tó lọ́wọ́ sí i, ipa ọ̀kọ̀ọ̀kan ò sì tó nǹkan. Ohun kan ṣoṣo tó tẹ̀ mọ́ mi létí ni pé n ò gbọ́dọ̀ fẹnu kan igbó.

—

Ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe pé ọmọ ń wo bàbá ẹ̀ ló fi ń mutí ni? Gbogbo nǹkan ṣáà ni jíìnì.

—

Ìwọ tó ò ń béèrè yìí, wá gbọ́ tèmi. Wọ́n gbà mí tọ́ ni, láti ọmọ ọwọ́, àwọn méjèèjì tó tọ́ mi ò fẹnu kan ọtí rí, ta ni mo wá ń wò? Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ọtí ló ṣekú pa bàbá tó bí mi. Oníṣègùn ọpọlọ kan, Donald Goodwin, ṣe ìwádìí lórí irú àwa tí wọ́n gbà tọ́ yìí ní Denmark, ó jáde ní 1973: nínú àwọn ọmọkùnrin ọ̀mùtí tí ẹlòmíì gbà tọ́, 18 nínú 100 ló di ọ̀mùtí, nínú àwọn tí òbí wọn kì í ṣe ọ̀mùtí, 5 péré. Ẹ̀yin náà ẹ wo 82 tó kù yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò kì wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn àbúrò mi tá a jọ dàgbà lè mu ife kan kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ dọdún tó ń bọ̀. Èmi ò lè ṣe ìyẹn, mi ò sì gbìyànjú ẹ̀ mọ́.