Róòsì pupa mi ti ń yọ òdòdó funfun, ẹ̀gún sì ti gba ẹ̀yìnkùlé: ẹ gbà mí o

Mama_Kent:
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa gádìnì nílùú òyìnbó (England) yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá òyìnbó kan ló ń gbé ilé tá a wà yìí ká tó dé, òun ló gbin róòsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, pupa yòò, òdòdó ẹ̀ máa ń ki gan-an, èèyàn ò lè kọjá kó má yà wò ó. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó kọjá ló ti ń yọ ẹ̀ka gígùn kan báyìí, ó ti ga kọjá fèrèsé, ẹ̀gún ẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó sì tanná lóṣù kẹfà, funfun tó pọ́n díẹ̀ létí ló yọ, ewé òdòdó márùn-ún péré, pupa tá a mọ̀ yẹn ò ju ẹyọ kan méjì lọ mọ́. Ọkọ mi ní ilẹ̀ ló bà á jẹ́. Aládùúgbò mi ní róòsì tó bá ti darúgbó máa ń padà sígbó ni. Ṣóòótọ́ ni?

Ìkejì, lẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ fẹ́ǹsì, ẹ̀gún oríṣi mẹ́ta ti wọnú ara wọn níbẹ̀. Ọ̀kan ń so èso dúdú, blackberry nìyẹn, mo mọ ìyẹn, àwọn ọmọ mi ti ń já a jẹ. Ìkejì ń so èso pupa tó gùn díẹ̀, nǹkan gbígbẹ kan wà lókè orí ẹ̀. Ìkẹta, èso pupa róbótó kéékèèké, ó pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Àbíkẹ́yìn mi ò mọ̀ ju kó kó gbogbo ẹ̀ sẹ́nu lọ. Èwo ló ṣeé jẹ, èwo ló máa gbé wa dé ọsibítù? Mo fẹ́ kí n gé gbogbo ẹ̀ dànù kọ́kàn mi balẹ̀. Fọ́tò kọ̀ kò lọ, ẹ má wò mí níran o.

OmoIjebu_SE15:
Mama, èmi rò pé àwọn ìyá àdúgbò ló ń yí òdòdó yín padà lóru o 😂 Ẹ jẹ́ ká dúró de àwọn tó mọ̀ ọ́n.

BabaAllotment:
Ẹ kú iṣẹ́ o Mama. Ilẹ̀ ò ba nǹkan kan jẹ́, róòsì yín náà ò sì padà síbì kankan. Igi méjì lẹ ní níbẹ̀, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ṣẹ́ ẹ rántí ọsàn tí wọ́n máa ń bọ́dì nílé, irú èyí tí wọ́n ń tà ní NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn tó wà n'Ídí-Ishin n'Íbàdàn, tí wọ́n á mú ojú ọsàn dídùn, wọ́n á dì í mọ́ ara igi ọsàn kíkan tí gbòǹgbò ẹ̀ lágbára, títí wọ́n á fi di ọ̀kan? Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pọ̀ róòsì tí wọ́n ń tà níbí náà nìyẹn. Róòsì pupa yẹn wà lókè, ṣùgbọ́n róòsì ìgbẹ́ ló ń gbé e nísàlẹ̀. Tó bá wá di ọjọ́ kan, gbòǹgbò ìsàlẹ̀ á yọ ẹ̀ka tiẹ̀, ẹ̀ka yẹn sì yára ju tòkè lọ, gbogbo oúnjẹ tó yẹ kó gòkè lòun á máa mu, tí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ lọ́dún mélòó kan, tòkè á rọ, á kú. Ìyẹn làwọn èèyàn ń rí tí wọ́n fi ń sọ pé róòsì padà sígbó.

Ewé òdòdó márùn-ún tẹ́ ẹ rí yẹn náà ni róòsì bó ṣe wà látilẹ̀wá. Tẹ́ ẹ bá wo àárín ẹ̀, okùn wínníwínní aláwọ̀ ìyeyè kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn tó kì bíi ti ìyá àgbà yẹn, ọmọ aráyé ló sà wọ́n lẹ́ṣà títí tí okùn àárín yẹn fi di ewé òdòdó. Ẹ lọ wo òdòdó ápùlù, ti pear, ti plum, ti ṣẹ́rì, ti strawberry, ti blackberry ẹ̀yìnkùlé yín gan-an, márùn-ún márùn-ún náà lẹ máa bá. Ẹbí kan náà ni gbogbo wọn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí: ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ẹ hú ilẹ̀ ìdí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ máa rí ibi tó wú kókó, ibẹ̀ ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ẹ̀ka tó bá ti ìsàlẹ̀ kókó yẹn jáde, tigbó nìyẹn. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé e o! Tẹ́ ẹ bá gé e, ojú tó wà ní kùkùté ẹ̀ á tún rú jáde, ó sì lè ju ẹyọ kan lọ. Ẹ dì í mú nídìí gan-an kẹ́ ẹ fà á ya kúrò lára gbòngbò. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ka ewé, pé tó bá jẹ́ méje lórí ọ̀pá kan, tigbó ni, tó bá jẹ́ márùn-ún, tilé ni. Ẹ má gbà á gbọ́ o, àwọn róòsì ilé kan wà tí méje ni tiwọn. Ibi tó ti yọ ni kẹ́ ẹ wò.

Auntie_Noosi:
Ọ̀rọ̀ èso ló kàn mí tèmi, torí ọmọdé. Mama, èyí tó gùn tó ní nǹkan gbígbẹ lórí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èso róòsì ìgbẹ́, dog rose. Ó ṣeé jẹ, kódà fítámì C inú ẹ̀ ju tọsàn lọ fíìfíì. Nígbà ogun àgbáyé kejì tí ọkọ̀ ojú omi Jámánì ò jẹ́ kí ọsàn wọlé dáadáa, ìjọba ibí ló ní káwọn èèyàn máa ṣa á ní 1941, àtọmọ iléèwé àtìyá àgbà, wọ́n fi ń ṣe omi ṣúgà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mu. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kọ́mọ já a kó máa run ún lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá là á sí méjì, ẹ máa rí kóró tó kún ibẹ̀, irun fínnífínní yí wọn ká, irun yẹn ló burú, ó máa ń yún ọ̀fun àti ẹnu. Àwọn ọmọ òyìnbó máa ń dà á sẹ́yìn ara wọn ní iléèwé fún yẹ̀yẹ́. Ẹ sè é lódindi, ẹ fọ́ ọ, ẹ fi aṣọ tó mọ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ tó fi ṣúgà sí i.

Èyí tó rí róbótó, ewé ẹ̀ ńkọ́? Tí ewé ẹ̀ bá ya wọnú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òdòdó ẹ̀ funfun lóṣù karùn-ún, tẹ́ ẹ sì bá kóró líle kan ṣoṣo nínú èso, hawthorn nìyẹn, kò pa èèyàn, wọ́n ń fi ṣe jẹ́lì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọ́ kóró. Tí ewé ẹ̀ bá kéré tó ń dán láì ya, ó lè jẹ́ cotoneaster, ìyẹn inú rírun ló máa fún ọmọ. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni cherry laurel, ewé ńlá dídán, èso ẹ̀ máa ń dúdú tó bá pọ́n, ẹbí róòsì náà ni ṣùgbọ́n májèlé ni, ewé àti kóró ẹ̀ ní sáyánáìdì. Tó bá wà nínú fẹ́ǹsì yẹn, ẹ má gé e kẹ́ ẹ wá kó o sínú mọ́tò tẹ́ ẹ ti fèrèsé pa o. Èyíkéyìí tí ẹ ò bá mọ̀ dájú, kò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ.

OmoIjebu_SE15:
Èyí tó wà létí ọ̀nà àti nínú páàkì ńkọ́, èèyàn lè já a? Mi ò fẹ́ kí ọlọ́pàá wá mú mi nítorí blackberry.

BabaAllotment:
Wọn ò ní mú ẹ fún olè jàre, àmọ́ àwọn páàkì kan ní òfin tiwọn, kọ́kọ́ wò ó. Òfin olè ti 1968 sọ ọ́ kedere, èso tó bá hù fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan gbìn ín, tó o bá já a láti jẹ, kì í ṣe olè, àfi tó o bá fẹ́ lọ tà á. Àmọ́ má hú igi gbòǹgbò láìgba àṣẹ onílẹ̀, ìyẹn lòdì sófin. Má sì já tẹsẹ̀ ọ̀nà níbi tí ajá ń gbà kọjá, gbogbo wa la mọ ohun tí ajá ń ṣe níbẹ̀ 😅

Adunni_Bodija:
Ẹ dákun, ẹ jẹ́ káwa tá a wà nílé náà béèrè. Mo gbin kóró ápùlù n'Íbàdàn, ó hù, ó ti ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ tanná rí. Ṣé ajílẹ̀ ni kò tó?

BabaAllotment:
Àbúrò, ajílẹ̀ kọ́, òtútù ni ò sí. Igi ápùlù ní láti sùn nínú òtútù fún ọ̀sẹ̀ tó pọ̀ kó tó lè jí tanná dáadáa, Bódìjà ò sì ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè Jos ni wọ́n ti ń gbin strawberry nílé wa, torí ibẹ̀ tutù. Róòsì ló máa gbọ́ tìẹ, inú ìkòkò ni kó o gbìn ín sí, níbi tí oòrùn àárọ̀ máa ń dé, ìdí ẹ̀ ni kó o bomi sí, má da omi sórí ewé, torí tójò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ àmì dúdú á bo ewé ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á sì rẹ̀ dànù. Ṣa àwọn ewé tó já bọ́ kúrò nílẹ̀, inú wọn ni àrùn yẹn ń gbé.

Mama_Kent:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á máa bù kún yín. Mo ti hú ìdí róòsì lówùúrọ̀ yìí, kókó yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́! Ẹ̀ka gàgàrà yẹn ti ìsàlẹ̀ ẹ̀ jáde, ọkọ mi ló fà á ya, ẹ̀gún sì họ ọ́ lápá ṣá, ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín 😂. Èyí tó pupa róbótó, ewé ẹ̀ ya, kóró kan ló wà nínú ẹ̀, hawthorn ni. Ó ku blackberry tó ti ń rákò bọ̀ wá síbi tá a ń sá aṣọ sí, báwo ni mo ṣe máa dá a dúró láì pa á tán, torí àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀?

BabaAllotment:
Ẹ kú oríire. Ẹ̀ka blackberry tó so èso lọ́dún yìí ò ní so mọ́, kíkú ló máa kú, torí náà tí èso bá ti tán, ẹ gé ìyẹn dé ilẹ̀. Àwọn tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ́dún yìí ló máa so lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ yan mélòó kan nínú wọn, ẹ fi okùn so wọ́n mọ́ fẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ gé ìyókù. Ẹ má jẹ́ kí orí ẹ̀ka kankan kanlẹ̀, ibi tó bá ti kanlẹ̀ ló ti ń ta gbòǹgbò tuntun, bó ṣe ń rìn dé ibi ìsáṣọ yín nìyẹn. Èyí tó bá ti ta gbòǹgbò, gígé ò ràn án, ọkọ́ lẹ máa fi hú u. Hawthorn ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fáwọn ẹyẹ títí òtútù á fi lọ, ẹ sì gé e kóṣù kẹta tó wọlé, torí láti oṣù kẹta títí dé ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n ń kọ́ ìtẹ́ sínú ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́, òfin lè mú un.