Ihò kẹrin nínú èrìgì òkè: bí a ṣe ń wá a lórí àwòrán CBCT

Dókítà eyín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gbòǹgbò mẹ́ta ni èrìgì àkọ́kọ́ lókè ẹnu sábà máa ń ní, ṣùgbọ́n ihò inú wọn máa ń tó mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tó ń sá pamọ́ wà nínú gbòǹgbò iwájú tó kọjú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. MB2 là ń pè é. Bí a kò bá rí i fọ̀, kòkòrò lè kù sínú rẹ̀, kí àrùn sì tún padà sídìí eyín tí a ti dí. X-ray lásán kì í sábà fi í hàn, torí ẹ̀yìn MB1, ìyẹn ihò àkọ́kọ́ nínú gbòǹgbò kan náà, ló wà, àwòrán pẹlẹbẹ a sì pa méjèèjì pọ̀ di ìlà kan.

Lórí CBCT, ìyẹn X-ray tó ń yí orí ká kí kọ̀ǹpútà lè tò ó di àwòrán tí a lè gé wò láti ìhà gbogbo, ẹ kọ́kọ́ yí àwòrán títí ìlà rẹ̀ yóò fi bá gbòǹgbò yẹn gan-an mu. Bí ó bá dagun, ihò róbótó a gùn bí ẹyin, a ó sì rò pé méjì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ yàrá inú eyín, ẹ máa wò ó ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ dé ṣóńṣó gbòǹgbò, kí ẹ sì tún padà. Àpadàbọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí a rí ibi tí ihò méjì ti pàdé. Oríṣi mẹ́jọ tí Vertucci tò ní 1984 dá lórí pípàdé àti pípínyà yìí: nínú oríṣi kejì, méjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n di ọ̀kan kó tó dé ṣóńṣó, nínú ìkẹrin, kálukú ń lọ lọ́tọ̀ títí dé òpin.

Àmì tó ṣeé fọkàn tán jù lójú tèmi: ihò tó bá dá wà nínú gbòǹgbò, àárín ló sábà máa ń wà. Bí MB1 bá sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wá ẹnìkejì rẹ̀ síhà àjà ẹnu, nǹkan bíi mílímítà 1 sí 3 sí i.

Oníṣẹ́ àwòrán

Ẹ ṣeun, Dókítà. Kò sí èyí tí ẹ lè rí níbẹ̀ bí a bá ya gbogbo àgbọ̀n. Sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5 tó fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan àyè tí a ń yà, kí voxel (ègé tó kéré jù lọ nínú àwòrán) wà láàárín mílímítà 0.075 sí 0.125. Ní 0.4, ihò tínrín a pò mọ́ ara eyín, a sì pòórá.

Kí aláìsàn gbé itọ́ mì *kí* ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí ó bá mira, etí nǹkan a di méjì-méjì, ihò kan náà a sì jọ méjì. Ẹ wo etí egungun: bí òun náà bá di méjì, mímira ló fà á, ẹ má kà á sí MB2. Irin àti gutta-percha (ohun bíi rọ́bà tí a fi ń dí ihò eyín) tún máa ń ta ìlà dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìlà irọ́ yìí sábà máa ń gba inú gbòǹgbò já sínú egungun. Ihò tòótọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùwádìí

Fún eyín tí a ti yọ, micro-CT, ẹ̀rọ tó ń ya inú ohun kékeré ní kínníkínní, ló dáa jù. Voxel rẹ̀ lè jẹ́ máíkírónì 10 sí 20 (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mílímítà kan), eyín kò sì bàjẹ́, nítorí náà a lè yà á ṣáájú kí a fi fáìlì, irin tínrín tí a fi ń fọ ihò, gbẹ́ ẹ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó gbẹ lórí ẹ̀rọ, torí yíyà rẹ̀ lè gba wákàtí, bí eyín bá sì ń súnkì, àwòrán a dàrú. Ìtànṣán rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹnu alààyè, CBCT tí voxel rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ la ń lò níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí CBCT tí kò fi MB2 hàn kò fi túmọ̀ sí pé kò sí i. Kí dókítà ṣì wá a lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí ó fi ẹnu ultrasonic, irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n kíákíá, ha ètè ara eyín tó bo ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lórí ìlà tó so MB1 mọ́ ihò àjà ẹnu tàbí níwájú ìlà náà díẹ̀.