Ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín deoreowo, jinggeureowo àti geukhyeom?

Àríkẹ́
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè Kòríà. "Ìríra" ni atúmọ̀-èdè kọ síwájú 더러워 deoreowo, 징그러워 jinggeureowo àti 극혐 geukhyeom. Èwo ni ti aáyán, èwo ni ti ṣálángá? Èwo ló sì ṣeé sọ níwájú àgbà?

Bàbá Hangul
Ẹ wo ohun tó fa ìríra náà. Deoreowo, ti ìdọ̀tí ni: ṣálángá tí wọn ò fọ̀, ẹni tó fọwọ́ fun ikun tó tún fẹ́ fi í jẹun. Jinggeureowo kò béèrè ìdọ̀tí. Ohun tó ń rá, tàbí tó pọ̀ gìdìgìdì lójú kan, tí ara á fi bù máṣọ: ìdin, ejò, ọ̀kùn. Ejò lè mọ́ tónítóní kó ṣì jẹ́ jinggeureowo. Ibẹ̀ náà ni aáyán wà. Bó bá wá gba orí ìrẹsì kọjá, ẹ lè fi deoreowo kún un.

역겨워 yeokgyeowo ló le jù: òórùn tó ń mú kí inú máa ru, tàbí ìwà tó burú. Ẹni tó bá sọ ọ́ sí èèyàn lójú, ìjà ló ń wá.

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀. 더럽다 deoreopda ló wà nínú atúmọ̀-èdè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ 더럽어 deoreobeo. Rárá o. Lẹ́tà ㅂ (b) yẹn máa ń di 우 (u) bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀ lé e, òun àti 어 (eo) á wá para pọ̀ di 워 (wo). Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 징그럽다 jinggeureopda àti 역겹다 yeokgyeopda.

Ọmọ Adé
Geukhyeom, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. 극 geuk ni "dé góńgó". 혐 hyeom, ara 혐오 hyeomo ni wọ́n ti gé e, ìkórìíra tó pa pọ̀ mọ́ ìríra. Ẹ má pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́: bí ㄱ (g) bá pàdé ㅎ (h), wọ́n á di ㅋ (k), ó wá ń dún bíi geu-kyeom. Kò nílò ọ̀rọ̀-ìṣe kankan: 오이 극혐 oi geukhyeom ti tó fún ẹni tí kò fẹ́ fojú kan kùkúmbà. Bí ẹ bá rí 혐짤 주의 hyeomjjal juui lórí àkọlé, ẹ má ṣí i bẹ́ ẹ bá ń jẹun, àwòrán ẹlẹ́gbin ló wà níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fi geukhyeom kan ẹ̀yà kankan, tàbí obìnrin, tàbí arúgbó. Eré ti tán níbẹ̀. 혐오 yìí kan náà ló wà nínú orúkọ tí wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ ìkórìíra.

Mọ́rèmi
Ẹ ti gbàgbé ìró ẹnu. 웩 wek ni ti èébì, 퉤퉤 twetwe ni ti itọ́ (ó jọ túè tiwa). Láàárín ọ̀rẹ́, 토 나와 to nawa, "èébì ń bọ̀". Bí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú fíìmù bá dùn débi pé ojú ń tì yín bá wọn, 오글거려 ogeulgeoryeo ni. Ọwọ́ àtẹsẹ̀ ló ń ká kò yẹn.

Àríkẹ́
Ẹ ṣé o. Ti àgbà ńkọ́? Ká ní ìyá ọkọ gbé 번데기 beondegi, kòkòrò sílíkì sísè, síwájú ẹni?

Bàbá Hangul
Ẹ má fi 요 yo sẹ́yìn jinggeureowo kẹ́ ẹ rò pé ó ti di ọ̀wọ̀. Èébú tó wọ agbádá ni. Ẹ sọ pé 제 입맛에는 안 맞아요, je immaseneun an majayo: kò bá ẹnu mi mu. Ẹnu tiyín lẹ dá lẹ́bi, kì í ṣe oúnjẹ ìyá. Bí kì í bá ṣe oúnjẹ, 좀 그렇네요 jom geureonneyo, "ó rí bákan", ti tó. Ẹni tó gbọ́ á ti mọ ìyókù.